Àkísà Pupa Lára Òdòdó Bàbá Kaneng

Ẹ mú ọwọ́ kúrò lára igi yẹn! Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ gbọ́ mi o. Mo ti gbà pé kí ẹ to búlọ́ọ̀kù sí gbogbo iwájú ilé yìí, nítorí ẹ ní ẹrẹ̀ ń ba mọ́tò yín jẹ́. Mo gbà. Àgbà tó bá ń bá ọmọ ọmọ rẹ̀ du ilẹ̀, kí ló fẹ́ fi í ṣe? Ṣùgbọ́n igi kan tó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà yẹn, èyí tí mo so àkísà pupa mọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ hú u. Ẹ gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀, ẹ wá jókòó. Bí Yorùbá mi bá le jù fún yín, ẹ máa fi Hausa bi ara yín léèrè, ẹ ṣáà jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tipẹ́. Mo gbọ́ ẹni tó sọ pé Ìyá àgbà ti ń wọ aṣọ fún igi. Ẹ ò jẹ̀bi. Ohun tí a kò bá sọ fún ọmọ, kò lè mọ̀ ọ́n, èmi ni mo sì pẹ́ kí n tó sọ.

Nígbà tí bàbá àgbà yín mú mi láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Jos, àdúgbò Rantya yìí kò rí báyìí. Oko àti àpáta ni, ilé kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún. Bí ọyẹ́ bá mú láàárọ̀, èémí á máa jáde lẹ́nu èèyàn bí èéfín, a ó sì gbé ìkòkò èédú sáàárín yàrá kí a tó lè tú aṣọ wẹ̀. Fèrè ọkọ̀ ojú irin máa ń dún láti Terminus dé ibí ketekete, nítorí kò sí jẹnẹrétọ̀ tó ń bá a pariwo nígbà náà. Bàbá àgbà yín ń la pákó ní Katako. Bó bá dé nírọ̀lẹ́, lẹ́búlẹ́bú pákó á bo irun rẹ̀, n ó sì máa pè é ní arúgbó. Ó di arúgbó lóòótọ́, a ò sì rí lẹ́búlẹ́bú dá lẹ́bi mọ́. Èmi ń ta òwú, bọ́tìnì àti síìpù lọ́jà Terminus.

Kò sí ẹni tó mọ ògiri yí ilé ká. Ẹ̀yin ń gbé ilé tí ẹ kò mọ orúkọ ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri yín. Lọ́wọ́ òsì wa, Àlùfáà kan ará Ìlọrin, tí àwọn aládùúgbò ń pè ní Malam, ló wà níbẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ kò jẹ́jẹ́ rárá. Bí Iléyá bá dé, ẹran rẹ̀ á kún ìkòkò wa. Bí Kérésìmesì bá dé, ìrẹsì wa á kọjá sọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́wọ́ ọ̀tún wa ni Bàbá Kaneng wà, ará Berom, onílẹ̀ gan-an, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn, Kaneng.

Gádínà ni Bàbá Kaneng. Ilé òyìnbó kan tó jẹ́ ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà ló ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí òyìnbó náà kó ẹrù rẹ̀ padà sílé, àwọn òṣìṣẹ́ yòókù mú àga, wọ́n mú ìkòkò. Agolo mílíìkì kan tí irúgbìn kún inú rẹ̀ ni Bàbá Kaneng mú. Ìyàwó rẹ̀ bá a jà fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko nítorí àga tí kò mú.

Irúgbìn òdòdó kan tí òyìnbó ń pè ní hólíhọ́kì ló wà nínú agolo náà. Èyí tó wà níwájú yín yìí nìyẹn. Òdòdó onísùúrù ni. Bí o bá gbìn ín lọ́dún yìí, ewé lásán ni yóò fi hàn ọ́, ewé gbàràmù tó tẹ́ sílẹ̀. Lọ́dún kejì ni yóò tó nà sókè, á ga ju géńdé ọkùnrin lọ, á wá máa tanná láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, pupa, funfun, àwọ̀ osùn, bí ẹni ń gun àkàbà. Ìlú tó tutù ló fẹ́, ìdí nìyẹn tó fi bá Jos mu. Àmọ́ ẹ wo ewé rẹ̀ dáadáa. Ẹ wo ìrudi òdòdó rẹ̀ tí kò tíì là. Kí ló jọ? Ẹ ò mọ̀, nítorí ọjà lẹ ti ń ra ilá tí wọ́n ti rẹ́ sínú ọ̀rá. Ó jọ ilá. Àní wọ́n ní ìbátan ni wọ́n.

Ní ọdún tí wọ́n wá tọrọ Kaneng, bàbá rẹ̀ da gbogbo irúgbìn tó kù nínú agolo sílẹ̀, ó gbìn ín. Ó ní kí wọ́n fi ìgbéyàwó sí ọdún tó ń bọ̀, kí òdòdó lè bá a. Àwọn àna bínú díẹ̀. Ta ló gbọ́ ọ rí pé wọ́n ń fi òdòdó dá ọjọ́ ìyàwó? Ó ní òun ti ń gbin òdòdó fún ìyàwó olówó láti kékeré, ọmọ tòun náà yóò rí tirẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Mẹ́jọ ló hù, mẹ́rin lápá ọ̀tún ọ̀nà ilé wọn, mẹ́rin lápá òsì. Bàbá àgbà yín kó pákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ wá láti Katako, kí wọ́n lè so wọ́n mọ́ ọn bí wọ́n bá ga. Bí òjò ọdún náà ṣe ń parí, ikọ́ mú Bàbá Kaneng. Kò rí òdòdó náà kó tó kú.

Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti òdòdó lásán mọ́. Ìyá Kaneng a máa jí ní kùtùkùtù, á fi garawa gbé omi kànga bù wọ́n, á máa bá wọn sọ̀rọ̀ ní èdè wọn. Nígbà tí ìgbéyàwó ku bí oṣù kan, tí ìrudi ti kún ara igi mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ó ní láti lọ sí abúlé bá àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kaneng wà nílé ẹ̀kọ́ tíṣà. Ìyá Kaneng wá bá mi.

Ó ní, "Mama Bísí, ọwọ́ rẹ ni mo fi wọ́n sí o. Omi láàárọ̀, omi nírọ̀lẹ́. Kí o sì máa wo ewúrẹ́ Malam."

Mo ní, "Haba, Mama Kaneng! Ṣé n kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ ni? Máa lọ."

Mo búra pẹ̀lú. Ẹyin lohùn. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìyá ọkọ mi dé.

Màmá ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ìlọrin, ọjọ́ méjì lórí àga pákó, ó wá wo ọmọ rẹ̀ àti Bísí àǹtí yín, tó ṣì ń rá kòrò. Àgbẹ̀ obìnrin ni Màmá. Kò lè jókòó. Kò gbọ́ Hausa, kò gbọ́ òyìnbó, ó sì lè bá gbogbo Rantya jà láìgbọ́ èdè wọn. Inú ẹ̀ẹ̀rùn la wà, ojú ilẹ̀ gbẹ, ilá tútù kò sí lọ́jà. Ohun tó ń dùn ún jù ni pé ọmọ òun ń fi ẹ̀gúsí jẹun lójoojúmọ́ bí aláìsàn.

Lọ́jọ́ kẹta tó dé, mo ti ọjà bọ̀ lọ́sàn-án. Òórùn irú ló pàdé mi lójú ọ̀nà. Màmá ti ro ọkà, ó ti se ọbẹ̀ ilá, ó ń fà yọ̀ọ̀. Mo jẹun! N kò purọ́ fún yín, mo lá ìka. Bàbá àgbà yín bù kún tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ní, "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Níbo lẹ ti rí ilá tútù nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí?"

Wọ́n ní, "Lójú ọ̀nà aládùúgbò yín ni. Àwọn èèyàn yín níbí yìí ò mọyì nǹkan. Ilá so, wọ́n ń wò ó títí ó fi fẹ́ẹ̀ gbó! Kò sí bí ilá ṣe lè ga tó, kó ga ju ẹni tó gbìn ín lọ. Mo tẹ̀ wọ́n, mo ká wọn. Mo ká ewé rẹ̀ tó tutù mọ́ ọn. Ẹ má bẹ̀rù, n kò jalè, mo ti pín in sí méjì. Tiwọn ni mo sá sórí òrùlé yẹn, kó gbẹ di orúnlá kí wọ́n tó dé."

Òkèlè tó wà lọ́wọ́ mi bọ́ sínú abọ́. Mo sáré jáde. Igi méje dúró bí ọ̀pá, kò sí ìrudi kan lára wọn, kò sí ewé tó dáa. Ìkẹjọ nìkan ló pé, èyí tó ga jù, tó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà wọn. Àkísà pupa wà lọ́rùn rẹ̀, tí Màmá ya láti etí ìró àtijọ́.

Mo jókòó sílẹ̀, mo bú sẹ́kún. Màmá tẹ̀ lé mi jáde, wọ́n rò pé mo gbọ́ òkú ni. Mo bá sọ fún wọn pé òdòdó ni, kì í ṣe ilá, pé bàbá tó gbìn ín fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ti kú. Bàbá àgbà yín kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ mọ̀ ọ́n. Nígbà tó rí ojú ìyá rẹ̀, ó pa ẹnu mọ́. Màmá lọ fọwọ́ kan igi kọ̀ọ̀kan, ó bá wa jókòó sílẹ̀ nínú eruku.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń tì mí lójú. Irọ́ ni mo kọ́kọ́ ronú kàn. Mo ní, "Màmá, a ó sọ pé ewúrẹ́ Àlùfáà ló jẹ ẹ́. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ wọ́n." Ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo, ẹnu tèmi sì ti jẹ ju dòdò lọ.

Màmá wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé ewúrẹ́ máa ń so àkísà mọ́ igi?"

Mo ní kí a tú u. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú u. Nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí bí ebi ṣe lè pa àgbẹ̀ tó, kì í ká ilá rẹ̀ tán. Igi tó bá dáa jù, á so àkísà mọ́ ọn, ó di ti irúgbìn nìyẹn, ọmọ kékeré kò ní fọwọ́ kàn án. Màmá ní òun kò mọ ohun tí òun ká, ṣùgbọ́n òun mọ ohun tí òun fi sílẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn ni Ìyá Kaneng dé. A ti ń retí rẹ̀ láti àárọ̀, n kò lè lọ sọ́jà. Ó sọ ẹrù kalẹ̀ lórí, ó dúró lójú ọ̀nà rẹ̀.

Ó ní, "Mama Bísí, ina fulawa?" Òdòdó dà?

Kí n tó dáhùn, Màmá ti jáde. Ó gbé abọ́ orúnlá náà lọ́wọ́ méjèèjì, obìnrin tó tó bí èmi àti Ìyá Kaneng lọ́mọ, ó kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́. "Sọ fún un," Màmá ní, "pé èmi ni. Sọ fún un pé n kò mọ̀. Sọ fún un pé ìdajì tirẹ̀ nìyí, n kò fọwọ́ kàn án." Mo ń túmọ̀, mo ń sunkún. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti sọ pé Màmá pè é ní kubewa, ìyẹn ilá, pé a ti fi jẹ ọkà, Ìyá Kaneng kò gba abọ́. Ó ń wo igi méje yẹn, omi ń dà lójú rẹ̀. Àlùfáà jáde sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó tún wọlé jẹ́jẹ́.

Ìyá Kaneng wá nàka sí ìkẹjọ. Ó ní kí ni àkísà yẹn ń ṣe níbẹ̀. Mo bi Màmá, Màmá sọ, mo túmọ̀ rẹ̀: ti irúgbìn ni.

Ìyá Kaneng jókòó sórí ẹrù rẹ̀. Ó ní, "Mama Bísí, ṣé o mọ̀ pé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ la fẹ́ gé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? Ọkọ mi gbin gbogbo irúgbìn rẹ̀, kò ku ẹyọ kan. Kò sí ẹni tó rántí irúgbìn nínú wa." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú. "Ó ti ń gbìn ín láti ọjọ́ yìí, kò sọ fún mi rí pé ó ṣeé jẹ!" Ó na ọwọ́, ó fa Màmá dìde, ó gba abọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó se orúnlá náà, ó sì pè wá. Ó fà. A jẹ òdòdó Bàbá Kaneng tán, a gbàdúrà fún un.

Ẹ má rò pé ó tán síbẹ̀. Igi kan ló kù, ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Màmá tó yẹ kó padà sílé ní òun kò lọ. Ó gbé àpótí rẹ̀ sí ìdí òdòdó náà láti àárọ̀ di alẹ́, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Ewúrẹ́ Àlùfáà gbọ́ Yorùbá lọ́dún yẹn. Màmá ń bu omi sí òdòdó náà, ó ń tú ìdí rẹ̀, ó ń bá a wí bí ẹni ń bá ọmọ wí: "O ti ga tó, ó yá, là."

Nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún, tí òdòdó ìsàlẹ̀ ti là, òjò àkọ́rọ̀ dé tòun ti yìnyín. Ẹ mọ yìnyín Jos, tó ń lu páànù bí òkò. Gbogbo wa sá wọlé. Mo yojú lójú fèrèsé, mo rí Màmá lórí àpótí, ó na bàsíà ìfọṣọ mi sókè lórí igi náà, ọwọ́ méjèèjì gbọnrangandan, orí tirẹ̀ wà lóde. Bàbá àgbà yín sáré gbé pákó kan jáde, ó fi bo ìyá rẹ̀. Yìnyín ti ba Màmá kó tó débẹ̀. Kókó bí ẹyin ẹyẹlé yọ níwájú orí rẹ̀.

Kókó yẹn ló gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì we gèlè sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i. Wọn kò gé òdòdó náà. Nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Kaneng lọ dúró tì í pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, òdòdó náà pupa, ó ga ju ọkọ ìyàwó lọ. Onífọ́tò ní kí wọ́n tú àkísà yẹn kúrò, pé ó ń ba fọ́tò jẹ́. Màmá na ọ̀pá sí i. Ẹ lọ wo fọ́tò tó wà ní pálọ̀, ẹ ó rí àkísà náà, ẹ ó sì rí etí gèlè Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Igi kan yẹn ni ìyá gbogbo hólíhọ́kì tó wà ní àdúgbò yìí láyé ìgbà náà. Irúgbìn rẹ̀ tò yí ara wọn ká, pẹlẹbẹ bí bọ́tìnì kóòtù, Ìyá Kaneng sì pín in láti ilé dé ilé, títí kan Àlùfáà. Màmá kó ẹ̀kúnwọ́ kan sí ìṣẹ́tí ìró rẹ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó ní kí wọ́n bá òun kọ lẹ́tà: "Ẹ sọ fún Ìyá Kaneng pé ó hù, ó yọ ewé, kò yọ òdòdó, oòrùn ibí kò jẹ́. Mo ti se é jẹ." A ka lẹ́tà náà fún un, a rẹ́rìn-ín títí ìgbáròkó fi ń dùn wá.

Nígbà tí Màmá kú, Ìyá Kaneng ní òun yóò bá wa lọ. Mo ní ọ̀nà jìn. Ó ní ṣé kò jìn nígbà tí Màmá wá ni. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó ní kí n mú òun dé oko ẹ̀yìnkùlé, kí òun rí ibi tí àgbà obìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́. Ilá gidi ló wà níbẹ̀, tó ti ń gbó nítorí kò sẹ́ni tó ká a. Láàárín wọn ni hólíhọ́kì kan wà, ewé nìkan, kò ga ju orúnkún lọ. Àkísà pupa wà lọ́rùn rẹ̀.

Mo bi àwọn ọmọ ilé léèrè ìdí tí wọ́n fi so ó mọ́ èyí tí kò lè so irúgbìn. Wọ́n ní lọ́dọọdún ni Màmá máa ń gbin díẹ̀ nínú irúgbìn tó kó ti Jos wá, á jẹ gbogbo yòókù, ṣùgbọ́n á fi ọ̀kan sílẹ̀, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó ní ti ọ̀rẹ́ òun tó wà ní Jos ni, pé ó lè yà wá kí òun nígbàkúùgbà.

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá Kaneng. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú àkísà náà, ó fi nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Na gode, Mama." Mo dúpẹ́, Màmá. Lẹ́yìn náà ó tún un so, ó sì rọra ta kókó rẹ̀ kó má baà fún igi náà lọ́rùn.

Ìyá Kaneng náà ti lọ báyìí. Kaneng ṣì máa ń pè mí lórí fóònù bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ó ń béèrè bóyá ó ti là. Ó yá, ẹ gbé ṣọ́bìrì yín. Ẹ máa to búlọ́ọ̀kù yín lọ, ṣùgbọ́n ẹ yí igi yẹn ká.